Tata Ẹ̀yìn Fíríìjì

Tinúadé jí ní òwúrọ̀ Sátidé. Kí ó tó bọ́jú, ó ti wo inú agolo rẹ̀.

Agolo náà ṣófo.

"Tata mi dà?" ni Tinúadé wí.

Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí. Ó wo inú bàtà. Kò sí. Ó wo inú fìlà Bàbá, èyí tí wọ́n ti ní kí ó má fọwọ́ kàn mọ́. Kò sí níbẹ̀ náà.

Tata yìí kì í ṣe tata lásán. Àwọ̀ ewé ni àwọ̀ rẹ̀. Ìwo méjì tó wà lórí rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, wọ́n sì gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ.

Ó tún mọ orin kọ. Báyìí ni orin rẹ̀ ṣe ń lọ:

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Àná ni Tinúadé mú un nínú koríko tó yí ilé wọn ká ní Ṣógúnlé. Ó fi í sínú agolo. Ó fi aṣọ bo ẹnu agolo, ṣùgbọ́n kò so ó.

Aṣọ tí a kò so, tata kì í bẹ̀rù rẹ̀.

Nínú pálọ̀ wọn, nǹkan tuntun kan wà. Fíríìjì ni. Ó funfun báláú, ó sì ga ju Tinúadé lọ.

Ní ọdún yẹn, owó epo rọ̀bì ti dé Èkó. Ilé yìí ra rédíò, ilé tọ̀hún ra fáànù. Nígbà tí fíríìjì dé ilé Tinúadé ní Tọ́sìdé, àwọn ará àdúgbò ń wá kí i bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé.

Ṣùgbọ́n Bàbá Tinúadé kò rà á fún fáàrí. Ó rà á nítorí Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Bàbá. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó sì ti Ìlíṣàn wá kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Dókítà fún un ní oògùn olómi tí wọ́n ń kán sójú.

"Oògùn yìí kò gbọdọ̀ gbóná o," ni dókítà wí. "Inú fíríìjì ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí."

Nítorí náà, ní àràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, Tinúadé á mú oògùn jáde nínú fíríìjì. Ìyá rẹ̀ á kán an sójú Ìyá Àgbà.

Tó, sí ojú ọ̀tún. Tó, sí ojú òsì.

"Ó tutù, Àbẹ̀ní," ni Ìyá Àgbà á wí. "Ó tutù dé àtẹ́lẹsẹ̀."

Àbẹ̀ní ni oríkì Tinúadé. Ìyá Àgbà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti pè é, inú Tinúadé á dùn ṣìnkìn.

Bàbá ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìsọlọ̀. Òru ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Bí Bàbá bá ń sùn, gbogbo ilé á máa yọ́ rìn bí ológbò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé yìí, Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó bọ́ bàtà. Ó nà gbalaja sórí àga gígùn ní pálọ̀. Ó dijú.

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Bàbá la ojú kan.

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Bàbá la ojú kejì.

"Ìyá Tinú," Bàbá pe ìyàwó rẹ̀. "Kí ló ń dún báyìí?"

Ìyá Tinúadé jáde láti ilé ìdáná. Ó tẹ́tí. "Ó jọ pé fíríìjì ni, Bàbá Tinú. Mo gbọ́ ọ lóru àná náà."

Bàbá dìde. Ó rìn lọ sí ìdí fíríìjì. Kì, kì, kì.

Fíríìjì dákẹ́.

Bàbá padà sórí àga. Kì, kì, kì. Ó dùbúlẹ̀.

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Bàbá lọ, ó dákẹ́. Bàbá padà, ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá lọ, ó dákẹ́. Bàbá padà, ó bẹ̀rẹ̀.

"Fíríìjì yìí ń fi mí ṣeré," ni Bàbá wí.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì fíríìjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Hùùùùù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Bí ó ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ariwo náà ń yára sí i.

Tì-tì-tì-ṣííí-tì-tì-tì-ṣííí-tì-tì-tì-ṣííí.

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń ṣàìsàn," ni Bàbá wí. "Wọ́n ti ta fíríìjì olókùnrùn fún mi."

Ìyá Àgbà jókòó sí ìtòsí fèrèsé. "Babáfẹ́mi, èmi ò gbọ́ ariwo kankan," ni ó wí. "Ẹ̀rọ yín dára o."

Bàbá rò pé sùúrù ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Àwọn àgbà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màámi, mi ò lè ṣiṣẹ́ lóru kí n má sì sùn lọ́sàn-án," ni Bàbá wí. "Bàbá Nùrẹ́nì á gbé lọ́rì rẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́. A ó dá fíríìjì padà fún ẹni tó tà á."

"Oògùn ojú mi ńkọ́?" Ìyá Àgbà béèrè.

Bàbá wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ máa padà sí Ìlíṣàn ná, Màámi. Fíríìjì wà ní ilé ìwòsàn ibẹ̀. Wọ́n á máa bá yín tọ́jú oògùn."

Àyà Tinúadé já.

Bí Ìyá Àgbà bá lọ, ta ni yóò máa pè é ní Àbẹ̀ní? Ta ni yóò máa wí pé ó tutù dé àtẹ́lẹsẹ̀?

Nígbà náà ni fíríìjì tún dún. Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Tinúadé na etí. Ó mọ orin yẹn.

"Bàbá, tata mi ni," ni Tinúadé wí. "Tata mi tó sọnù ló ń kọrin."

Bàbá fi ọwọ́ pa á lórí. "Tata kì í gbé inú yìnyín, ọmọ mi. Lọ ṣeré níta." Ó wọ yàrá, ó fi ìrọ̀rí bo etí méjèèjì. Síbẹ̀, oorun kò wá.

Tinúadé kò lọ ṣeré. Ó jókòó síwájú fíríìjì, ó ń ronú. Bóyá òótọ́ ni Bàbá sọ. Bóyá fíríìjì ń ṣàìsàn.

Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n mú iná lọ.

Fáànù dúró. Rédíò ilé kejì dákẹ́. Fíríìjì gbọ̀n pẹ́ẹ́, ó ní gbì, òun náà sì dákẹ́. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Tinúadé gbọ́ ọ. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ báyìí, nítorí ẹ̀yìn fíríìjì ti ń tutù.

Tì... tì... tì... ṣíííííí.

Fíríìjì ti sùn. Ta ló wá ń kọrin?

Tinúadé sáré lọ bá Ìyá Àgbà ní ìdí fèrèsé. "Ìyá Àgbà, ẹ gbọ́? Fíríìjì ti dákẹ́, orin kò dákẹ́. Tata mi ni."

Ìyá Àgbà yí orí sọ́tùn-ún. Ó yí i sósì. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Àbẹ̀ní."

"Ó ń kọrin báyìí, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Etí mi ló ti gbó. Orin tata tín-ín-rín, etí arúgbó kì í gbá a mú mọ́. Mo rò pé kò sí wọn ní Èkó ni."

"Wọ́n wà, Ìyá Àgbà. Wọ́n pọ̀ gan-an."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára. Etí tìrẹ la máa lò. Ní oko bàbá mi, oríṣiríṣi tata ló ń kọrin. Olúkúlùkù ní orin tirẹ̀. Olúkúlùkù sì ní koríko tirẹ̀. Bí tata bá gbọ́ orin ẹlòmíràn, kò ní dá a lóhùn. Bí ó bá gbọ́ orin tirẹ̀, kò ní lè dákẹ́. Jẹ́ ká lọ wá irú rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń dá ara wọn lóhùn, bàbá rẹ á mọ̀ pé kì í ṣe fíríìjì."

"Nínú koríko wo lo ti mú un?" Ìyá Àgbà béèrè.

Tinúadé họ orí. Àná, gbogbo koríko ló sáré gbà kọjá. Kò rántí èyí tó jẹ́.

Ó di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú. Ó di agolo mú ní ọwọ́ kejì. Ìyá Àgbà ní ọgbọ́n, Tinúadé ní etí. Wọ́n jáde.

Wọ́n dé ibi koríko kúkúrú, lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn lọ́rì tó ń lọ sí Ìsọlọ̀ ń kọjá. Gbùrùrùrù.

Tinúadé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ tata kékeré kan.

"Kọ orin rẹ̀ fún mi," ni Ìyá Àgbà wí.

Tinúadé kọ ọ́. "Sín-ín-ín-ín-ín-ín-ín."

"Kò sinmi rárá?"

"Kò sinmi rárá, Ìyá Àgbà."

"A jẹ́ pé kì í ṣe òun. Ó dìgbà o, Akọrin-má-sinmi."

Wọ́n dé ibi koríko gíga, lẹ́bàá ògiri. Koríko náà ga ju orí Tinúadé lọ.

Tinúadé na etí. Ó gbọ́ tata ńlá kan.

"Kọ orin rẹ̀ fún mi."

"Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́."

"Ó ní tì-tì-tì?"

"Kò ní, Ìyá Àgbà."

"A jẹ́ pé kì í ṣe òun. Ó dìgbà o, Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, lọ́rì Bàbá Nùrẹ́nì sì ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Omi lé ròrò sí ojú Tinúadé.

"Má sunkún," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹkún á dí ọ létí, etí rẹ ni mo sì gbójú lé."

Tinúadé nu ojú rẹ̀ nù.

Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé, níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ sí àbàtà. Koríko ibẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ń dún.

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Tinúadé dúró. "Ìyá Àgbà, ibí ni. Ibí ni mo ti mú un."

Ó sáré síwájú. Pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀. Gbogbo tata dákẹ́ wẹ́lo.

"Má mira," ni Ìyá Àgbà wí. "Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ wa."

Tata ní etí o. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò sí lórí. Ara ẹsẹ̀ iwájú ló wà, nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹ̀yin náà, ẹ wo orúnkún yín. Ṣé etí wà níbẹ̀?

Tinúadé dúró jẹ́ẹ́. Ìyá Àgbà dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀fọn kan wá bà lé Tinúadé nímú, síbẹ̀ kò mira.

Koríko kan mì. Tinúadé na ọwọ́. Ó ti mú un.

Wọ́n fi í sínú agolo. Wọ́n tẹ́tí. Kò kọrin.

Ìyá Àgbà gbé ojú súnmọ́ ọn dáadáa. Nǹkan kan yọ gbọọrọ nídìí tata náà bí idà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Abo ni. Idà yìí kì í ṣe fún ìjà, òun ló fi ń fi ẹyin pamọ́ sínú koríko. Abo kì í kọrin, Àbẹ̀ní. Ó ń gbọ́ ni. Akọ ló ń fi ìyẹ́ ha ìyẹ́, tí orin fi ń jáde."

"Ẹ má bínú, Ìyá Tata," ni Tinúadé wí, ó sì fi í sílẹ̀.

Pọ́n-pọ́n. Pọ́n-pọ́n.

Fèrè lọ́rì Bàbá Nùrẹ́nì nìyẹn, níwájú ilé.

 Tinúadé fẹ́ sáré, kò sáré. Ó fẹ́ ké, kò ké. Ó dúró jẹ́ẹ́.

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Tata náà wà lórí koríko kan níwájú rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Tinúadé na ọwọ́. Tata fò. Ó tún na ọwọ́. Tata tún fò. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bu omi.

Ó ti mú un.

Ó fi í sínú agolo, ó fi aṣọ bò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó so ó.

Iná ti dé nígbà tí wọ́n wọ pálọ̀. Bàbá di apá kan fíríìjì mú. Bàbá Nùrẹ́nì, onílọ́rì, di apá kejì mú. Ìyá Tinúadé di oògùn ojú mú, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ojú Bàbá pọ́n, nítorí kò rí oorun sùn láti àárọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dúró díẹ̀," ni Tinúadé wí.

"Tinú, ilẹ̀ ń ṣú lọ," ni Bàbá wí.

"Babáfẹ́mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Jókòó."

Bí Ìyá Àgbà bá wí pé jókòó, kódà bàbá ẹni á jókòó. Bàbá jókòó. Bàbá Nùrẹ́nì náà jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Tinúadé gbé agolo sílẹ̀ níwájú fíríìjì. "Kí ẹnikẹ́ni má mira."

Wọ́n ń retí. Wọ́n ń retí. Sísín gbé Bàbá Nùrẹ́nì. Ó fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pa.

Nígbà náà ni agolo kọrin.

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Bàbá wo agolo. "Ṣé agolo náà ti di fíríìjì ni?"

Ẹ̀yìn fíríìjì dáhùn.

Tì-tì-tì, ṣíííííí.

Agolo pè. Fíríìjì dáhùn. Agolo tún pè. Fíríìjì tún dáhùn. Bàbá ń wo ọ̀tún, Bàbá ń wo òsì. Ẹnu rẹ̀ kò padé.

Ó dìde jẹ́jẹ́. Ó yọ́ fa fíríìjì síwájú díẹ̀. Òun àti Tinúadé yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Tata aláwọ̀ ewé jókòó síbẹ̀, níbi tó gbóná. Ó ń yáná.

"Òun nìyẹn, Bàbá," ni Tinúadé wí. "Tata mi. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, á yára kọrin. Bí ó bá tutù, á rọra máa kọ ọ́."

"Fíríìjì mi kò ṣàìsàn?"

"Kò ṣàìsàn, Bàbá. Àlejò ló ní."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó rín in, ó rín in, títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ìyá Tinúadé náà mí kanlẹ̀. Ó ṣí fíríìjì, ó sì dá oògùn padà sí àyè rẹ̀.

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n," ni Bàbá Nùrẹ́nì wí. Ó wá sín èyí tó ti ń mú mọ́ra. Hàtíṣẹ̀ẹ̀!

Wọ́n fún un ní omi tútù. Ó mu ife kan, ó tún béèrè òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó wa lọ́rì rẹ̀ lọ láìrù nǹkan kan. Gbàgà-gbàgà-gbàgà.

Bàbá fa Tinúadé mọ́ra. "O sọ fún mi ní àárọ̀, mi ò gbọ́. Má bínú, ọmọ mi."

"Mi ò bínú, Bàbá. Ẹ lọ sùn."

Bàbá sùn lóòótọ́. Háààn, fùùù. Háààn, fùùù. Ariwo rẹ̀ ju ti tata lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ká dá Bàbá padà.

Tinúadé mú tata méjèèjì, ó mú Ìyá Àgbà lọ́wọ́, wọ́n padà sí ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe inú koríko kúkúrú. Kì í ṣe inú koríko gíga. Inú koríko tútù lẹ́bàá àbàtà, níbi tó jẹ́ tiwọn.

Ó tú aṣọ. Tata kan fò. Tata kejì fò.

Wọ́n dúró jẹ́ẹ́.

"Ṣé wọ́n ń kọrin?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Wọ́n ń kọrin, Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn."

"Kọ ọ́ fún mi."

Tinúadé fi ẹnu sí etí Ìyá Àgbà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ dáadáa, kí etí arúgbó lè gbá a mú.

"Tì-tì-tì, ṣíííííí. Tì-tì-tì, ṣíííííí."

Ìyá Àgbà dijú. "Òun gan-an nìyẹn," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ."

Wọ́n wọlé. Ìyá Tinúadé ti ń retí wọn. Tinúadé ṣí fíríìjì, ó mú oògùn jáde.

Tó, sí ojú ọ̀tún.

Tó, sí ojú òsì.

"Ó tutù, Àbẹ̀ní," ni Ìyá Àgbà wí.